Kútọnù, Ìlú Ọlọ́pọ̀ Èdè

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọ Kútọnù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èéfín ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Àwọn zémìjàn ló ń tú u jáde, àwọn alùpùpù tí ń gbé èrò, tí awakọ̀ wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn Gùn àti Fọ̀n ni zémìjàn, "gbé mi kíákíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bí orúkọ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé Akpakpa, a kò lè ka iye wọn mọ́. Wọ́n yí wa ká bí oyin, gbogbo wa sì jọ ń wọ́ lọ sórí afárá. Afárá mẹ́ta ló wà báyìí lórí ọ̀sà tó so adágún Nokoué pọ̀ mọ́ òkun, ṣùgbọ́n ní aago méje òwúrọ̀ ẹnìkan lè búra pé kò sí ju ẹyọ kan lọ.

Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń lọ sí Kútọnù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohun kan pàtó ni a bá lọ. A fẹ́ fi ojú ara wa rí bí àwọn ọmọ wa, àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Pobẹ̀ àti Ṣakétẹ́, ṣe ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti baba wọn, tó sì jẹ́ pé inú orílẹ̀-èdè wọn náà ni wọ́n wà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ sí òkè òkun, a máa ń sọ ọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọjá ibodè kankan, tó kàn wọ kámíò ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnù, tó sì wá rí i pé òun ti di àlejò, a kì í sábà bi í léèrè bí ara rẹ̀ ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa ìlú náà. Ní èdè Fọ̀n, kú ni ikú, tọ̀ ni odò tàbí ọ̀sà, nù ni ẹnu tàbí etí rẹ̀. Etí ọ̀sà ikú ni Kútọnù. Abúlé etí omi lásán ni nígbà tí ọba Dàhòmì ní àṣẹ lórí ibẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1868, ní ayé ọba Glèlè, ìwé àdéhùn kan gbé ilẹ̀ náà lé àwọn Faransé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ afárá onírin tó wọ inú òkun, kí ọkọ̀ ojú omi lè já ẹrù, wọ́n sì la ọ̀nà ojú irin gba àríwá lọ. Ojú irin náà dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọdún 1911, ó dé Parakou ní ọdún 1936. Èbúté ńlá tí a ń rí lónìí ṣí ní ọdún 1965.

Lójú tiwa, ojú irin yìí gan-an ló bí ọ̀rọ̀ tí a wá sọ. Kí ó tó dé, ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ọ̀nà Kétu, ó mọ ọ̀nà Ṣakí àti ti Ìdáàṣà. Kútọnù kò jẹ́ nǹkankan fún un. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí súfèé ní gáà Ṣábẹ̀ẹ́, ọkùnrin kan wọ̀ ọ́ láti lọ ru ẹrù ní èbúté, aya rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú èlùbọ́ àti ẹ̀wà, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé wọn láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ti pẹ́ báyìí tí ọkọ̀ ojú irin kò kó èrò mọ́. Ọ̀nà ọ̀dà ni gbogbo ènìyàn ń gbà, láti Ṣábẹ̀ẹ́ sí Ìdáàṣà, sí Bohicon, sí Allada, nǹkan bí 250 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irin yẹn là nínú ọkàn àwọn ènìyàn kò pa dé.

Àjàṣẹ́ ni olú ìlú nínú ìwé òfin títí di òní yìí, inú wa sì máa ń dùn láti rán àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Kútọnù létí. Wọn a rẹ́rìn-ín. Kútọnù ni ìjọba ń gbé, ibẹ̀ ni owó ń gbé. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1979, ènìyàn 320,348 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ní 1992, ó di 536,827. Ní 2013, 679,012. Ẹni tó bá wo iye ìkẹyìn yìí lè rò pé ìlú náà ti ń dúró. Kò dúró. Ó kún ni, ó sì ń dà sórí aládùúgbò rẹ̀: Abomey-Calavi tó ní 307,745 ènìyàn ní ọdún 2002 ti ní 656,358 ní ọdún 2013. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè wa, ìkànìyàn 2013 sọ pé nínú ènìyàn 100, àwọn Fọ̀n àti àwọn tó tan mọ́ wọn tó 38, àwa Yorùbá àti àwọn tó tan mọ́ wa jẹ́ 12. Ní Kétu, ta ló ń rántí irú iye bẹ́ẹ̀? Onílẹ̀ ni wá níbẹ̀. Kútọnù ni ọmọ Kétu ti ń mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti ka òun.

Ọjà Tokpa ni a kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó bá ń wá ará ilé rẹ̀ ní Kútọnù kò ní ibòmíràn tó dára ju ibẹ̀ lọ. Dantokpa ni wọ́n ń pè é ní kíkún, etí ọ̀sà ni ó wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ná an. A bá ìyá kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, níwájú àpò èlùbọ́ àti gàrí. A kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá, ẹ kú ọjà o." Ó gbé ojú sókè. "Háà! Bàbá Katikísì! Ẹ kú ọ̀nà o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò ti rọ̀ ní ọ̀dọ̀ yín?" Kí a tó dáhùn, obìnrin kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá náà sì ti yí padà sí Fọ̀n, ó ń bá a ná owó. Ọmọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ gba ẹsẹ̀ àpò. Ó fi Gùn bá a wí. Oníbàárà kan tó wá láti Niamey dé. Haúsá díẹ̀, Faransé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ wa bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀: "Ẹ jókòó, ẹ ò ní dúró."

A bi í pé báwo ló ṣe kọ́ gbogbo èdè wọ̀nyí. Ó ní, "Ebi ló kọ́ mi, Bàbá."

Nígbà tí ó wá sí Kútọnù gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, kò gbọ́ Fọ̀n kankan. Oṣù mẹ́fà ni ó fi ń fi ìka ka owó fún àwọn oníbàárà, tí àwọn mìíràn sì ń rẹ́ ẹ jẹ. Nísinsìnyí àwọn ará Àgbómẹ̀ gan-an ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Telibo ni wọ́n ń pe àmàlà. Ẹ gbọ́ bí ó ti jọ èlùbọ́ wa! Ohun kan tí a máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nìyí: ẹni tó bá ro pé ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ àlejò ní Kútọnù kò tíì fetí sí Fọ̀n dáadáa. Bí Fọ̀n bá fẹ́ kí àlejò káàbọ̀, kuabọ̀ ni ó ń sọ, ìyẹn ni kú àbọ̀ tiwa. Ifá wọ Àgbómẹ̀, ó di Fá. Àwọn ọba méjèèjì ń jagun, àwọn ọ̀rọ̀ ń kọjá láàárín wọn láìgba ìwé.

Ìyá náà ní ìdààmú tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí ìjọba ń kó àwọn tó fi etí títì ṣe ṣọ́ọ̀bù kúrò ní gbogbo ìlú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì pàdánù àtíbàbà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nísinsìnyí ìjọba ti kọ́ ọjà ńlá fún àwọn tó ń ta ọjà ní òpọ̀ sí Akassato, ní apá Calavi, èrò ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀. "Ọjà tuntun dára," ni ó wí, "ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún oníbàárà mi ti Niamey pé mo ti ṣí?" Gbogbo ọjà ni ìṣòro yìí kàn, Fọ̀n, Gùn àti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé baba rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà lè padà sílé lọ jókòó rò ó. Tirẹ̀ wà ní 250 kìlómítà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wà tí a kò lè fò dá. Ní Kútọnù, Ànàgó ni gbogbo wa. Anagonu ni Fọ̀n ń wí, Nagot ni Faransé kọ sínú ìwé. Àwọn Ànàgó gidi ń bẹ, àwọn ará ìhà Pobẹ̀ àti Ìpókíá. Àwọn Fọ̀n ló mú orúkọ wọn fi pe gbogbo ẹni tó bá ń sọ èdè tó jọ tiwọn. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kì í pe ara rẹ̀ ní Ànàgó nílé, ará Ìdáàṣà kì í sì í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di Ànàgó kí ó tó san owó zémìjàn tó gbé e. Àwọn kan ń bínú sí i. Àwa kò bínú tó bẹ́ẹ̀, nítorí a ti rí iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe. Nílé, ará ìlú kan àti ará ìlú kejì lè máa jà lórí ààlà oko fún ogún ọdún. Ní Kútọnù, nínú ọgbà kan náà, wọ́n ń yá ara wọn ní iyọ̀. Àwọn tó ń pè wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ohun tó ń dunni ju orúkọ lọ ni èyí tó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bá ní Sainte-Rita, ọmọ Kétu, tó ń mọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tó sọ Fọ̀n kọjá. Ó la ẹnu tirẹ̀, wọ́n ní, "Nàìjíríà ni ẹ́." Ó ní ọmọ Kétu ni òun. Wọ́n ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Ó mú un wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ará Nàìjíríà náà mọ bí wọ́n ṣe ń ra káàdì. Ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ. Kò sí ẹni tó lù ú, ó sì tẹnumọ́ èyí kí a má bàa sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. "Ohun tó dùn mí, Bàbá, ni pé nígbà tí mo lọ kọ́lé ní Èkó fún oṣù mẹ́ta, àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní, 'Ará Kútọnù, ìgbà wo lò ń lọ sílé?'"

Ẹ̀yin ará, ààlà yìí kò dàgbà. Ní ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà náà láàárín ara wọn. Ilẹ̀ ọba Kétu pín sí méjì, Mẹ́kọ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Àwọn tó jẹ́ ẹbí kan náà ní ọjọ́ Sátidé di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ní ọjọ́ Àìkú. Bí ọlọ́pàá kan tó dàgbà sí etí òkun kò bá mọ èyí, a ò lè fi gbogbo ẹ̀bi rù ú; kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá dúró ni ń gbé inú òtútù dé ọ̀gànjọ́. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ RAVIP tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò ní ìwé ìbí rárá. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi jẹ́rìí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní oko àti abúlé, bí ẹ bá bímọ, ẹ tètè lọ gba ìwé ìbí. Ọmọ yẹn lè má fẹ́ lọ sí Kútọnù rí, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, ìwé yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún un nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ń jẹ́rìí lòdì sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ wa mú wa lọ wo ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Amasọ́nì. Ọgbọ̀n mítà ni gíga rẹ̀, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022, kò sì jìnnà sí ibi tí ààrẹ ń gbé. Ó tóbi, ó lẹ́wà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà kan bá wa lọ, ọmọ Kétu, ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tó ti ń gbé ní Gbégamey láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá ìyá mi sọ fún wa pé ìyá òun mọ̀ wọ́n."

Kò sí ẹni tó fèsì. Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ọdún 1894, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Bẹ̀háńsìn, ni àwọn tó kù padà wá tún ilé kọ́. Ọ̀nà abájáde ìlú náà, Akaba Idena, ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè lọ wò ó. Ohun tí ère náà jẹ́ fún ọmọ Àgbómẹ̀, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Kétu. Èyí kò sọ pé kí wọ́n wó o. Ìgboyà àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kì í ṣe irọ́, orílẹ̀-èdè tí kò ní ohun tí yóò fi yangàn kò ní pẹ́ tú. Ṣùgbọ́n a rò pé ó yẹ kí ẹnìkan máa sọ fún àwọn ọmọ tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ pé nínú wọn ni ọmọ-ọmọ ẹni tó sá wà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ẹni tó lé e, wọ́n sì jókòó lórí àga kan náà ní kíláàsì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, bàbá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó ọmọ òun àgbà, ọmọ Àgbómẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú òun tó o nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun òun. "Wọ́n kó wa lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ti fi ọmọ wọn san án," ni ó wí. Ìyàwó náà mọ àwàdà yìí, a gbọ́ pé ó ní èsì tirẹ̀ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A sùn sí ilé bàbá yìí. Nínú ọgbà náà, ìdílé mẹ́jọ ló wà, yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń pè ní àǹtré-kúṣé. Ọ̀nà ìta jẹ́ iyanrìn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní "von". Ní ìgbà òjò, omi ń wọlé dé orókún, àwọn ènìyàn a kó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ láti máa tẹ̀ wọ yàrá. Gbogbo ìyẹn ni a ti mọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí a gbọ́ ní alẹ́.

Ìyàwó bàbá náà, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ìyá Àgbà, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ láti Kétu; ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n mú un wá fún ìtọ́jú. Àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ilé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé dé, wọ́n kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ọwọ́ kò fì, "Ẹ káàsán, Ìyá Àgbà." Ó dáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n léèrè: kí ni wọ́n kọ́ lónìí, ta ló gún orí èyí, ṣé wọ́n jẹun. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sáré jáde, Fọ̀n ni wọ́n ń sọ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, Faransé sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyá Àgbà jókòó pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀. Ó ti ní ìtàn ìjàpá púpọ̀ lẹ́nu, a mọ̀ ọ́n sí i láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó sọ fún wa pé, "Mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ẹ̀rín nìkan ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀."

A bi bàbá àwọn ọmọ náà léèrè. Ọkùnrin gidi ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, kò tijú èdè rẹ̀. Ó kà á fún wa bí ẹni tó ń ka ìṣírò: ó ń jáde ní aago márùn-ún àárọ̀, ó ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Fọ̀n ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ, ẹni ẹlẹ́ni sì ni obìnrin náà, ta ni yóò sọ pé kí ó má fi èdè ìyá rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Fọ̀n ni ọgbà, Fọ̀n ni ọ̀nà, Faransé ni ilé ìwé. Ibo ni Yorùbá yóò ti wọlé? "Mo ti rò pé yóò wá fúnra rẹ̀, bí ó ti wá fún mi." Fún òun, ní Kétu, kò sí ohun mìíràn tó lè wá.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyàwó ni kí a dá lẹ́bi, kí àwọn ọmọ wa máa fẹ́ ọmọ ilé. A kò gbà. Ìyàwó yẹn ló ń fi Yorùbá tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bi ìyá ọkọ rẹ̀ bí ojú ti rí lónìí, ó ti kọ́ ju ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ lọ. Bí ènìyàn kan bá wà nínú ilé náà tó ń sapá, òun ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé mìíràn wà tí a fẹ́ sọ ní kúkúrú, nítorí ó wúwo. Ní Tokpa, ẹ óò rí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó ń kiri omi. Vidomẹ̀gọ̀n ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni. Àwọn kan wá láti abúlé tiwa. Ní ìgbà àwọn baba wa, fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ́ ohun rere, ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ àti ìwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti di ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ ti di obìnrin kan tó wá pẹ̀lú ọkọ̀, tó sì fún ìyá ní aṣọ méjì. Òfin kan wà láti ọdún 2006 lórí kíkó ọmọdé kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn àti lórí òwò ọmọdé. A kò ní ju èyí lọ: ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò bá lè sọ orúkọ àdúgbò tí ọmọ yín ń sùn sí, a jẹ́ pé ẹ kò mọ ibi tó wà.

Ọjọ́ Àìkú a lọ sí Mísà. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ afárá àkọ́kọ́ kọjá yóò rí kàtídírà Notre-Dame de Miséricorde, èyí tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun bí aṣọ alábọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Kútọnù, ẹgbẹ́ akọrin pọ̀, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀: Fọ̀n, Gùn, Mina, Ajá, Yorùbá, wọ́n sì ń gba ara wọn láyè. Nínú ìjọ tí a lọ, ti Yorùbá ni ó kàn. A wo àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń kọ orin wa láìṣe àṣìṣe ohùn kan. Lẹ́yìn Mísà a kí ọ̀kan ní Yorùbá, ó ní ní Faransé pé òun kò gbọ́. Ó mọ orin mẹ́rìnlélógún ní orí. Olùdarí wọn sọ fún wa pé láti orin ni òun fi ń mú wọn, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan, àti pé nígbà tí wọ́n bá lọ sí Arigbo ní Ìdáàṣà fún ìrìn àjò mímọ́ oṣù kẹjọ, wọ́n ń bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣeré, wọ́n sì ń padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta ní Kútọnù lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bọ́ sí, nínú kíláàsì ilé ìwé kan ní Gbégamey. Nǹkan bí ogójì ènìyàn ló wá. Wọ́n gba owó àjọ, wọ́n kà á lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òkú, nítorí ọ̀kan nínú wọn ti kú, ó sì wà ní ilé ìgbókùú-sí. Gbígbé e lọ sílé yóò gba ọkọ̀, epo àti oúnjẹ fún àwọn tó bá a lọ. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀yin àgbà, owó yìí lè san ilé ìwé ọmọ mẹ́ta tó fi sílẹ̀. Kí ló dé tí a kò fi sin ín síhìn-ín?" Ariwo sọ. Ìyá kan ní, "Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ níhìn-ín?" Ọ̀dọ́ náà ní àwọn ọmọ rẹ̀ wà níhìn-ín. Ìyá náà ní, "Ní èdè wo?" Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n gbà láti gbé e lọ sílé, wọ́n sì tún dá owó kejì fún ilé ìwé àwọn ọmọ. Kò tó, ṣùgbọ́n wọ́n dá a.

Èyí ló mú kí alága gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ máa pàdé ní ọ̀sán Sátidé, wákàtí méjì. Olùdarí akọrin gbà láti kọ́ wọn. Bàbá àgbà wa ní Ìyá Àgbà yóò máa wá pa àlọ́, bí ojú rẹ̀ bá gbà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ẹnìkan bèèrè pé Yorùbá ti ibo ni wọn yóò kọ́: ti Kétu ni, ti Ṣábẹ̀ẹ́ ni, àbí ti inú Bíbélì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà? Òmíràn bèèrè bóyá lẹ́tà oníkàn lábẹ́ ni wọn yóò lò tàbí èyí tó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1975. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan ní òun kò ní san owó kí wọ́n kọ́ ọmọ òun ní èdè Kétu. Ará Kétu kan ní ta ló ní kí ó san án. Alága lu tábìlì. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí a tó dìde, torí ọkọ̀ wa kò ní dúró, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́ta, nínú kíláàsì kan náà.